Wákàtí Kan Láàrin Accra àti Kùtọnù

Ojúlé Kẹtàdínlógún,
Ẹ̀yìn Ilé Búrẹ́dì,
Kokomlemle,
Accra, Gánà.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kọkànlá, Ọdún 2023.

Abíọ́nà, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ilé, mo kí ọ̀nà. Ṣé ọyẹ́ ti dé Ìsẹ́yìn, àbí oòrùn ṣì ń fi yín ṣeré? Bàbá Dámọ́lá ńkọ́, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ṣé orúnkún Màmá ti ń gbà fún wọn láti rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì láìjókòó lẹ́ẹ̀mejì lọ́nà? Mo gbọ́ pé eyín iwájú Dámọ́lá méjèèjì ti yọ, àti pé ojú ihò náà ló fi ń súfèé fún àwọn adìẹ. Sọ fún un pé àǹtí rẹ̀ ní kó máa súfèé lọ, kí eyín mìíràn tó hù tí yóò sọ ọ́ di ẹni iyì. Èmi náà wà lálàáfíà. Mo sanra díẹ̀ ju bí o ṣe rí mi gbẹ̀yìn lọ. Kenkey, ẹ̀kọ àgbàdo wọn, ni kí o bú, má bú mi.

O ní o kò fẹ́ ọ̀rọ̀ orí fóònù mọ́, pé lẹ́tà ni o fẹ́, kí o lè rí nǹkan kà fún Màmá lẹ́yìn oúnjẹ. Lẹ́tà náà nìyí. Ṣùgbọ́n kí n tó lọ jìnnà, ibì kan wà nínú tìrẹ tó dùn mí. O ní Màmá bi ọ́ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Gánà, o sì dá wọn lóhùn pé mò ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Abíọ́nà, olùkọ́ ìṣirò ni ọ́. Ọdún méjì la fi jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní Pólì Ìbàdàn. Bí ẹlòmíràn bá sọ bẹ́ẹ̀, màá dárí jì í. Ìwọ jókòó dáadáa, kí o ka èyí fún wọn, kí o sì kà á síta.

Bí èèyàn bá gbé fóònù rẹ̀ láti fi áàpù tí a ṣe, ìyẹn ètò orí fóònù, gba àyè nínú ọkọ̀, àwọ̀ dáadáa àti ibi tí yóò tẹ̀ ló máa rí. Nii Okantey, ọmọkùnrin Ga kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ló ń ṣe ìyẹn, òun sì ni gbogbo ayé ń yìn. Èmi ni mò ń ṣe ti ẹ̀yìn. Èmi ni mò ń kọ́ kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe rántí orúkọ èrò, bí kò ṣe ní fún ẹni méjì ní àyè kan, àti ìgbà tí yóò ránṣẹ́ sí ta ni. Bí ilé oúnjẹ ló rí: Nii ló tẹ́ tábìlì, èmi ni mo wà nídìí iná. Kò sí ẹni tó ń béèrè alásè àfi ọjọ́ tí iyọ̀ bá pọ̀ jù. Ní oṣù tó kọjá, iyọ̀ pọ̀ jù.

Ẹni tó gbé iṣẹ́ náà fún wa ni Dada Kafui. Dada ni wọ́n ń pe ìyá lédè Ewe, kì í ṣe Dàda onírun. Ọmọ Keta ni, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó sì ní bọ́ọ̀sì mẹ́jọ tí ń ná Accra, Lomé àti Kùtọnù. Ohun tí gbogbo etíkun yìí mọ̀ ọ́n mọ́ ni pé ọkọ̀ rẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ọkọ̀ rẹ̀ fi òun fúnra rẹ̀ sílẹ̀ ní ibodè Aflao lọ́jọ́ kan nígbà tó lọ ra ẹja, ó sì pe awakọ̀ náà lọ́jọ́ kejì, ó fún un ní aṣọ.

Ẹni tó ń bá a kọ orúkọ èrò ni Efo Senanu. Efo, ìyẹn ẹ̀gbọ́n. Má rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀fọ́ ọbẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti wà lórí àga kan náà ní ibùdókọ̀ Tudu, pẹ̀lú ìwé gbọọrọ kan níwájú rẹ̀. Ó mọ èrò tó máa ń bì tí a kò bá fi sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ó mọ àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí kò gbọdọ̀ jókòó pọ̀ nítorí ẹjọ́ ilẹ̀ tó wà láàárín wọn. O máa rò pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ á kórìíra áàpù wa. Rárá o, òun gan-an ló wá wa rí, òun ló sì bẹ Dada títí tí Dada fi gbà.

Ìdí tó fi bẹ̀ ẹ́ nìyí. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Enyonam, ló wà nílé ọkọ ní Kùtọnù, ó sì bí ọmọbìnrin kan ní oṣù Keje tí Efo kò tíì fojú kàn. Ó ti pẹ́ tó ti ń bẹ Dada kó jẹ́ kí òun fẹ̀yìn tì, kí òun lọ máa gbé nítòsí ọmọ òun. Ohun kan náà ni Dada máa ń dá a lóhùn: "Ta ló máa wá jókòó ti ìwé?" Nígbà tí Efo gbọ́ lẹ́nu èrò kan pé kọ̀ǹpútà lè jókòó ti ìwé, ó sáré wá sọ́dọ̀ wa. Dada wá là á mọ́lẹ̀ fún gbogbo wa. Bí áàpù náà bá ṣiṣẹ́ dé ìparí oṣù Kẹwàá láìfi èrò kankan sílẹ̀, Efo lè máa lọ. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ìwé rẹ̀ ń dúró dè é.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó ti Efo ní Tudu, tí mò ń bi í ní ìbéèrè, tí mo sì ń ya fọ́tò ojú ìwé rẹ̀. Bírò aláwọ̀ búlúù ló fi kọ gbogbo rẹ̀, àyàfi aago tí ọkọ̀ ń gbéra ní Kùtọnù. Pupa ló fi kọ ìyẹn. N kò ní parọ́ fún ọ pé n kò rí i. Mo rí i, mo sì rò pé bó ṣe wù ú nìyẹn, bí àwọn àgbà mìíràn ṣe ń fi pupa kọ ọjọ́ ọdún sára kàlẹ́ńdà. N kò béèrè. Mo kọ aago méje sílẹ̀ bí mo ṣe rí i.

Oṣù méjì ni mo fi kọ ètò náà. Nígbà tó pé, a ní láti gbé e kúrò lórí kọ̀ǹpútà mi lọ sí ibi tí gbogbo èrò ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní àwọsánmà, ṣùgbọ́n sọ fún Màmá pé kò sí òjò níbẹ̀. Ilé ńlá kan ni lókè òkun, ó kún fún kọ̀ǹpútà láti ilẹ̀ dé àjà, iná kì í kú níbẹ̀. A yá àyè kékeré kan nínú rẹ̀. Mo di ètò náà sínú àpótí pẹ̀lú gbogbo ohun tí yóò nílò, mo gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì fi ránṣẹ́, mo ní kó dìde kó máa ṣiṣẹ́. Ó dìde lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè wọlé bá a. Odindi àárọ̀ kan ni mo fi ń wá ìdí rẹ̀. Mo tún ètò wò, mo tún àpótí dì. Efo tó wá kí wa lọ́jọ́ náà bi mí pé ta ni onílé ibi tí a yá yẹn, ṣé ó ti ṣílẹ̀kùn fún wa. Ẹ̀rín pa Nii. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Títì ni gbogbo ilẹ̀kùn ibẹ̀ máa ń wà, ìwọ fúnra rẹ lo máa sọ èyí tí o fẹ́ kí wọ́n ṣí, mo sì ti gbàgbé. Mo ṣí i, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan wà tí mo ní láti ṣàlàyé, ìwọ olùkọ́ ìṣirò, kí o tó lè mọ bí mo ṣe gọ̀ tó. Gbogbo kọ̀ǹpútà inú ilé ńlá yẹn, aago Greenwich ni wọ́n ń lò. Aago Greenwich náà ni aago Gánà, kò lé kò dín, láti oṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá. Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ wa ní ìlú mìíràn máa ń jìyà aago. Wọ́n á ní kí nǹkan ṣẹlẹ̀ ní aago mẹ́jọ, kọ̀ǹpútà á ṣe é ní aago mẹ́sàn-án. Ojú wa kò rí irú ẹ̀ rí. Selasi, ọ̀gá wa, máa ń fi yangàn. Ó máa ń sọ pé, "Ọlọ́run gbé aago ayé sí ojúde wa, kí àwọn tó kù máa ṣe ìṣirò." Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Èmi tí mò ń pè ọ́ lórí fóònù láti ọdún mọ́kànlá wá, tí o máa ń bú mi pé mo jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú kí n tó pè, tí mo sì mọ̀ dájú pé aago yín fi wákàtí kan ṣíwájú tiwa. Èmi náà ni mò ń rẹ́rìn-ín.

Ọ̀nà Lomé la fi bẹ̀rẹ̀. Aago Lomé àti ti Accra kò yàtọ̀, nítorí náà ohun gbogbo lọ geere fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí áàpù ṣe ń ṣe é ni pé bí ó bá ku wákàtí kan kí ọkọ̀ gbéra, yóò ránṣẹ́ sí fóònù èrò pé kó máa bọ̀. Nítorí ọkọ̀ a máa pẹ́ ní ibodè nígbà mìíràn, a sọ fún àwọn èrò pé kí wọ́n má wulẹ̀ wá jókòó sí ibùdókọ̀ mọ́, kí wọ́n jókòó sílé wọn títí fóònù yóò fi dún. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Inú wá ń yọ́ Dada débi pé ó ra waakye, ìrẹsì àti ẹ̀wà wọn, fún gbogbo wa.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, a ṣí ọ̀nà Kùtọnù. Ọjọ́ yẹn kan náà ni Enyonam ń gbé ọmọ bọ̀ kí bàbá rẹ̀ lè rí i. Efo wọ ẹ̀wù funfun, ó fá irùngbọ̀n, ó sì ti dúró ní ẹnu géètì láti aago kan ọ̀sán. Èmi náà wọ aṣọ tó dáa lọ. Ìyìn ni mo wá gbà, kí n má parọ́. Nígbà tí ọkọ̀ dé lẹ́yìn aago méjì, èrò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló sọ̀kalẹ̀. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni orúkọ wọn wà nínú kọ̀ǹpútà. Efo wo inú ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó tún wò ó lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́yìn náà ló pe ọmọ rẹ̀. Enyonam ń sunkún lórí fóònù. Ó ní láti aago márùn-ún àárọ̀ ni òun ti pọn ọmọ, tí òun gbé fóònù lọ́wọ́, torí wọ́n ní kí òun má kúrò nílé títí yóò fi dún. Ó dún ní aago méje géérégé. Kó tó gun ọ̀kadà dé ibùdókọ̀, ọkọ̀ ti lọ.

Dada pè mí. Kò pariwo, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù.

"Ọmọ Nàìjíríà, ibo ni èrò mi mọ́kànlá wà?"

Mo ṣí kọ̀ǹpútà mi níwájú rẹ̀. Mo fi hàn án pé gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ ló lọ, wákàtí kan géérégé kí aago méje tó lù. Mo ní kọ̀ǹpútà kò ṣẹ̀.

"Kọ̀ǹpútà rẹ ò ṣẹ̀," Dada ní. "Awakọ̀ mi náà ò ṣẹ̀, aago méje ló gbéra. Ó wá ku èrò. Èrò kì í ṣẹ̀ nínú ọkọ̀ tèmi."

Ìgbà yẹn ni Efo Senanu gbé ìwé rẹ̀ wá. Ó ṣí i, ó fi ìka lé aago tó fi pupa kọ.

"Ìbídùn, kí lo pe eléyìí?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọ̀ ni mo pè é."

"Aago Kùtọnù ni. Ohun tó bá ti pupa, yọ wákàtí kan kúrò níbẹ̀ kó o tó wo aago ọwọ́ rẹ. Aago méje tiwọn, mẹ́fà tiwa ni. Ọjọ́ mẹ́ta lo fi ń bi mí léèrè ọ̀rọ̀. O bi mí ní iye ṣúgà tí mò ń fi sí tíì. O ò bi mí ní èyí."

Ì bá sàn kó gbá mi létí. Wọ́n ní abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Abíọ́nà, mo béèrè, mo sì ṣìnà, torí n kò béèrè tán. Kọ̀ǹpútà gbọ́ méje, ó rò pé méje ti Greenwich ni, ó sì ránṣẹ́ nígbà tí mẹ́fà lù ní Accra. Ní Kùtọnù, aago méje ti lù, awakọ̀ ti ń fọn fèrè, àwọn tí kò dúró de fóònù nìkan ló bá a. Mo kúnlẹ̀ nínú ọkàn mi, níta mo kàn dúró bí igi. Efo padà sórí àga rẹ̀, ó ṣí ojú ewé tuntun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà fún èrò ọjọ́ Ẹtì. Bí ó ṣe ń fa ìlà náà ni omi ń lé ròrò lójú rẹ̀. Kò jẹ́ kó bọ́.

Mo bẹ Dada títí ó fi gbà láti fún mi láyè di ọjọ́ Ẹtì. Ó ní bí èrò kan péré bá ṣẹ́kù sílẹ̀ ní Kùtọnù lọ́jọ́ náà, òun á da áàpù nù, Efo kò sì ní lọ sí ibì kankan títí òun yóò fi rí ẹni tó mọ ìwé bíi tirẹ̀. Gbogbo wa mọ̀ pé kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì, Selasi ti gbọ́. Ara rẹ̀ kò yá láti fi aago ayé yangàn lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Yọ oókan kúrò lára Kùtọnù, ká lọ jẹun."

Nii ò gbà kó tán síbẹ̀. "Ẹ̀yin ará Nàìjíríà tẹ́ ẹ máa ń pariwo pé ẹ ṣíwájú wa. Wákàtí kan tẹ́ ẹ sì fi ṣíwájú wa lóòótọ́, ìwọ lo lọ gbàgbé ẹ̀."

Mo ní kó gbé kenkey rẹ̀ jìnnà sí mi. Inú ń bí mi, ebi sì ń pa mí. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe fẹ́ yọ oókan náà kúrò, ọwọ́ mi kọ̀. Bí mo bá yọ ọ́ báyìí, lọ́jọ́ tí Dada bá tún ṣí ọ̀nà Èkó ńkọ́? Ọmọ tuntun kan á tún wá sí ọ́fíìsì wa, á rí oókan tí mo yọ, á rò pé bó ṣe wù mí ni. Mo wá gbé fọ́tò ìwé Efo jáde, mo sì tẹjú mọ́ ọn gan-an fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọkùnrin yìí kò yọ nǹkan kan. Ó kọ aago ìlú kọ̀ọ̀kan bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n, ó sì fi bírò sọ ti ìlú tó jẹ́. Ohun tó yẹ kí kọ̀ǹpútà ṣe nìyẹn. Kí ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan ní aago tirẹ̀, kí kọ̀ǹpútà fi aago kan ṣoṣo pa gbogbo rẹ̀ mọ́ nínú, kí ó sì dá ti kálukú padà fún un nígbà tó bá ń bá a sọ̀rọ̀. Mo ṣàlàyé fún Selasi. Ó ní kí n ṣe é bẹ́ẹ̀, òun á ra oúnjẹ wá.

Ọjọ́ Rírú la fi ṣe é. Ní ọ̀sán ni iná lọ, fáànù dúró, gbogbo wa ń làágùn bí ẹni jí ẹran. Bátìrì láptọ́ọ̀pù mi ti ń tán lọ, ṣùgbọ́n àwọn èrò Lomé ṣì ń gba àyè nínú ọkọ̀ lọ ràì, torí ibi tí ètò ń gbé kò mọ̀ pé iná Kokomlemle ti lọ. Ìgbà yẹn ni inú mi kọ́kọ́ dùn díẹ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. A gbé fóònù mẹ́ta kalẹ̀, ọ̀kan ń jẹ́ Accra, ọ̀kan ń jẹ́ Lomé, ọ̀kan ń jẹ́ Kùtọnù, a sì ń fi wọ́n ṣe èrò títí ojú Nii fi ń pọ́n. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo gbé àpótí tuntun náà lọ sókè. N kò pa ti àtijọ́. Mo jẹ́ kí ti tuntun dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo bá a sọ̀rọ̀, ó dá mi lóhùn dáadáa, kí n tó darí àwọn èrò sọ́dọ̀ rẹ̀. Mo sì yẹ ilẹ̀kùn wò lẹ́ẹ̀mẹta, ìwọ náà mọ̀ mí.

Ọkàn mi kò balẹ̀ síbẹ̀. Mo gbé báàgì, mo wọ ọkọ̀ Dada lọ sí Kùtọnù lọ́jọ́ náà gan-an. Ọ̀dọ̀ Enyonam ni mo dé sí. Mo rò pé ó máa fi ojú burúkú wò mí, ṣùgbọ́n omi ló kọ́kọ́ fún mi, ó sì gbé ọmọ lé mi lẹ́sẹ̀. Ọmọ Kétu ni ọkọ rẹ̀, bó ṣe gbọ́ orúkọ mi ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá wọn kí mi, ẹ kú àbọ̀, ẹ kú ìrìn, títí omijé fi fẹ́ bọ́ lójú mi. Sitsofe ni wọ́n sọ ọmọ náà. Ó sanra, ó sì máa ń wo èèyàn bí ẹni tó fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ọjọ́ Ẹtì, àwa méjèèjì jókòó sí pálọ̀, ọmọ wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, fóònù wà lórí tábìlì láàárín wa. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta kí aago mẹ́fà lù. Ó ku méjì. Enyonam bi mí ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Ṣé ká máa lọ ná, àǹtí, bóyá kò ní dún?" Mo fẹ́ sọ pé ká máa lọ. Abíọ́nà, ẹnu mi ti là láti sọ ọ́. Bí a bá lọ tí kò dún, kò sí ẹni tó máa mọ̀, a sì ti wọ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn èrò tó kù wà nílé wọn, wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé mi láìmọ̀ mí. Mo ní ká dúró.

Ó dún. Aago mẹ́fà ni, aago Kùtọnù. Enyonam wò mí, ẹ̀rín sì bú jáde lẹ́nu àwa méjèèjì bíi ti ọmọdé. Nígbà tí a dé ibùdókọ̀, àwọn èèyàn ti ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin kan ń fi fóònù rẹ̀ han ìyàwó rẹ̀ pé òun ò ti sọ fún un. Mo ka orí wọn bí olùkọ́ tó kó ọmọ jáde. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni orúkọ tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló jókòó.

Efo Senanu wà níbi tó dúró sí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nínú ẹ̀wù funfun kan náà. Nígbà tí Enyonam sọ̀kalẹ̀, ó kọ́kọ́ wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ fi ogún ìṣẹ́jú pẹ́."

"Ibodè ni, Papa," ọmọ rẹ̀ dá a lóhùn.

Ó ní, "Ibodè wọn yẹn." Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ gba ọmọ, ó gbé e sókè síwájú ojú rẹ̀, ó ní, "Ìwọ ni wọ́n fi sílẹ̀ níjọ́sí." Ó fi orí ọmọ náà sí ọrùn, ó yí ẹ̀yìn sí wa, àwọn awakọ̀ sì ṣe bí ẹni pé wọn kò rí i. Èmi rí i, mo sì sunkún témi láìfi pamọ́. Dada Kafui ka orúkọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó wo Efo, ó wo ọmọ, ó ṣu ẹnu pọ̀ bí ẹni tó jẹ ọsàn kíkan. Ó ní, "Senanu, títí oṣù máa fi tán. Kò sì gbọdọ̀ fi ẹyọ kan sílẹ̀ o." Áàpù kò fi ẹyọ kan sílẹ̀.

Efo lọ ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá. Bí èrò ló ṣe lọ, ó jókòó sílé rẹ̀ títí fóònù rẹ̀ fi dún. Dada ní òun kò ráyè wá dágbére, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló wá gbé ẹja yíyan sí ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ọkọ̀, ó sì ń bú awakọ̀ láìnídìí. Inú mi dùn, Abíọ́nà. Ó ti pẹ́ tí iṣẹ́ tí mo ṣe ti mú inú mi dùn báyìí. Sọ fún Màmá pé iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn, kò sí kọ̀ǹpútà kankan tí mo tún ṣe.

Ẹ̀dùn kan ṣoṣo tó kù ni ti Dada. Láti ọjọ́ Ajé ló ti ń fẹjọ́ sùn mí. Ó ní bí aago mẹ́fà bá ti ń lù ní Kùtọnù láràárọ̀ ni Efo ń pe òun láti bi òun bóyá awakọ̀ ti dé, aago márùn-ún ni lọ́dọ̀ tiwa, oorun òun ṣì dùn. Ó ní kí n bá òun kọ́ Efo ní aago Accra, bí mo ṣe kọ́ kọ̀ǹpútà ní ti Kùtọnù. Mo pe Efo. Ó ní òun mọ aago tó ń lù ní Accra. Ó ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Dada fi ń pe òun ní aago márùn-ún, kí n jẹ́ kó gbọ́ bó ṣe ń dùn létí. Bí ó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, mò ń gbọ́ ẹ̀rín ọmọ náà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo sọ fún Dada pé ọ̀rọ̀ yìí kọjá agbára mi.

Bá mi kí Bàbá Dámọ́lá, bá mi kí Màmá, kí o sì bá mi fi òróró pa orúnkún wọn. Kí Dámọ́lá, kí gbogbo ará ilé olùkọ́. Selasi kí ọ, Nii kí ọ pẹ̀lú, ó ní kí o sọ bí ọ̀la ṣe rí fún òun nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ṣíwájú. Má fìyà jẹ mí, tètè fèsì.

Èmi ni tìrẹ, láago Accra àti láago Ìsẹ́yìn,

Ìbídùn.